Ó Fi Bàbá Tó Gbà Á Gbọ́ Sábẹ́ Igi Àjà

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ yìí ò kú, kò sì sá kúrò nílùú. Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó síwájú mi tó ní, "Sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Má bò mí láṣìírí. Orúkọ mi nìkan ni kó o yọ kúrò." Mo ní ó dáa. Ẹnjiníà la máa pè é, torí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ́ ẹ sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa gbé e ṣépè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣe wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe dá a lẹ́jọ́. Èmi ti dá tèmi.

Iṣẹ́ tó gbé e ga náà ló já a walẹ̀. Yunifásítì ìjọba kan fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n sì láwọn ò fẹ́ kọnkéré tí gbogbo ayé ń lò. Igi làwọn fẹ́. Kì í ṣe igi tí wọ́n gé nínú igbó tí wọ́n là sí pákó o. Igi àlẹ̀pọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń ṣe lókè òkun. Wọ́n á to pákó pẹlẹbẹ lé ara wọn, wọ́n á fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ títí táá fi di ìtì igi kan ṣoṣo tó gùn ju ọkọ̀ àjàgbé lọ. Ọkọ̀ òkun ló kó wọn dé. Ẹnjiníà ni wọ́n ní kó gbé wọn sórí ilé.

Nǹkan kan wà nípa igi yẹn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí orí ẹ̀ ni gbogbo wàhálà dá lé. Pákó inú ẹ̀ ò le bákan náà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń to èyí tó le jù sí, nítorí ìsàlẹ̀ igi àjà ni ẹrù ti máa ń fẹ́ fà á ya. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń kó sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé, APÁ YÌÍ LÓKÈ. Tó o bá dorí ẹ̀ kodò, ó ṣì máa dúró. Á dúró lónìí, á dúró lọ́la, àmọ́ o ò lè sọ ọjọ́ tí kò ní dúró mọ́.

Ẹnjiníà mọ èyí bí ẹní mọ orúkọ ìyá ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ igi tó gùn jù kalẹ̀ látorí ọkọ̀, bẹ́líìtì aláṣọ tó yẹ kí wọ́n fi gbé e ò tíì dé. Awakọ̀ kireni ní, "Ẹnjiníà, ṣé ká dúró?"

Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó kàn juwọ́ sí i ni. "Ẹ fi ẹ̀wọ̀n gbé e jàre. Ta ló ráyè ìdúró?"

Ẹ̀wọ̀n náà bu igi jẹ lábẹ́. Ọgbẹ́ náà ò jìn, àmọ́ ó gùn, ọ́ìlì dúdú ara ẹ̀wọ̀n sì wọ inú ẹ̀ lọ. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún, kò lọ. Àfi bíi pé Ọlọ́run fẹ́ dán an wò lóòótọ́, gíwá yunifásítì náà ló ń bọ̀ yẹn pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀.

Gíwá ò tilẹ̀ rí ọgbẹ́ náà. Igi míì tó wà nítòsí ló ń fọwọ́ pa lára, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, ẹ wo ẹwà! Abẹ́ igi yìí ni gbogbo àlejò máa gbójú sókè wò. Mi ò fẹ́ rí àbàwọ́n kankan o."

"Ẹ ò ní rí i, sà."

"Kí n tó kúrò nípò la gbọ́dọ̀ ṣí i. Mi ò ní kọ́lé tán kí ẹlòmíì wá gé ribọ́ọ̀nù ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ máa gé e, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó ti sọ ọ́. "Ẹ̀bi mi ni, sà, igi kan ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn." Gbólóhùn kan péré! Àmọ́ òmíràn á pẹ́ lórí òkun, wọ́n á sì béèrè ẹni tó ní kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé e. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó ti mọ àwọn tó ń dúró de ọjọ́ tó máa ṣubú.

Ó wo igi náà dáadáa. Ihò tí irin máa gbà wọ orí ẹ̀ bára mu lójú méjèèjì. Tí wọ́n bá yí i, ọgbẹ́ á lọ sókè, inú àjà á gbé e mì, ojú ò ní tó o mọ́. Ó sọ fún ara ẹ̀ pé, "Ó ṣáà máa dúró. Wọ́n máa ń fi agbára kún un ju bó ṣe yẹ lọ." Báyìí lèèyàn ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ara ẹ̀ jẹ.

Olórí àwọn káfíńtà ibẹ̀ ni Bàbá Gbọọrọ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ pé ìyá òun gbàgbé láti bí òun lásìkò ni òun fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn Ẹnjiníà bí ọmọ tó bí. Tí ẹnikẹ́ni bá fojú di í níbi iṣẹ́, Bàbá Gbọọrọ ló máa kọ́kọ́ gbaná jẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé igi náà sókè, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ẹ̀. "Ẹnjiníà, wọ́n ní apá yìí lókè o. Ẹ̀yin sì ní ká yí i sísàlẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá. Ojú méjèèjì dọ́gba. Wọ́n kàn kọ ọ́ ni."

"Ṣé ó dá yín lójú? Torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gàdàgbà yìí..."

"Bàbá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló kàwé ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ burúkú lèyí lẹ́nu ọmọdé sí àgbà. Ẹlòmíì á bínú. Bàbá Gbọọrọ rẹ́rìn-ín ni. "Ẹ̀yin kúkú ni, ọmọ mi. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, abùṣe bùṣe."

Nígbà tó sì jẹ́ pé apá tí wọ́n kọ̀wé sí ló máa wá kọjú sáwọn èèyàn, ó mú sáńpépà, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ ha ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ẹnjiníà dúró tì í títí tó fi ha á tán. Ó sọ fún mi pé òun ṣì ń gbọ́ ìró sáńpépà yẹn.

Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Gíwá gé ribọ́ọ̀nù ẹ̀, àwọn àlejò gbójú sókè, ẹnu yà wọ́n. Ilé iṣẹ́ gbé Ẹnjiníà ga. Òun náà sì bá Bàbá Gbọọrọ sọ̀rọ̀ fún yunifásítì, wọ́n gbà á síṣẹ́ pé kó máa mójú tó gbọ̀ngàn náà. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, àgbà bẹ́ẹ̀! "Ọmọ mi, ẹ ti yọ mí nínú iṣẹ́ òòjọ́. Ìyàwó mi ní kí n máa fi àdúrà sìn yín lọ."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá iṣẹ́ yẹn fún un. Ó ní àánú ni. Mo tún bi í. Ó bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ kó máa rí mi bí èèyàn rere. Ẹni tó bá ń rí mi bí èèyàn rere ò ní ronú kan ọ̀rọ̀ igi yẹn mọ́."

Báyìí ló ṣe fi bàbá náà sábẹ́ igi náà, tó sì gba ọpẹ́ lé e.

Kò pẹ́ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Bó bá ti rówó fóònù ló ń pè. "Ẹnjiníà! Igi wa ń kí yín o!" Á béèrè ọkọ ẹ̀, á béèrè iṣẹ́, á súre, ó tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú Ẹnjiníà máa ń dùn.

Nígbà tó yá, Bàbá ní, "Igi wa ti ń sọ̀rọ̀ o. Tí oòrùn bá ti mú dáadáa, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ṣe kẹ́ẹ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni."

Ẹnjiníà yára ní, "Igi ńlá ni, Bàbá. Ó ń gbẹ ni. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kan wà gan-an lábẹ́ igi yẹn. Bàbá ní, "Ilẹ̀kùn ti ń há, àmọ́ ẹ má ṣèyọnu, mo ti fá orí ẹ̀ díẹ̀." Nígbà tó tún pè, ó ní, "Ó tún ti há. Mo tún fá a. Ilẹ̀kùn yìí ń ga bí èmi ni, Ẹnjiníà!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn kì í ga. Ohun tó wà lórí ẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹnjiníà mọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí Bàbá ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ló ń gbọ́ ìfági tó ń ṣe ṣàà, ṣàà, lórí ilẹ̀kùn yẹn. Ó pa fóònù náà.

Látìgbà yẹn, kò síbi tó dé tí kì í gbọ́ kẹ́ẹ́. Ó ń gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì. Ó ń gbọ́ ọ níbi tó ti tò sórí ìlà ní báńkì, táwọn èèyàn ń wò ó bó ṣe ń gbójú sókè ṣáá. Ó ń gbọ́ ọ nílé ara ẹ̀, ilé tó jẹ́ pé kọnkéré ni wọ́n fi dé e lórí!

Ọkọ ẹ̀ ní, "Kí lò ń wò lókè? Ṣé eku wà níbẹ̀ ni?"

"Ṣó o ò gbọ́ nǹkan?"

"Ìwọ ni mò ń gbọ́. Ò ń mí bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí ló ṣẹlẹ̀, ìyàwó mi?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń gbẹ èèyàn báyìí?"

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè pé kí ló dé tí kò kúkú pe yunifásítì kó ní kí wọ́n fi òpó gbé igi náà ró. Èmi náà béèrè, mo tiẹ̀ fi ìbínú béèrè. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gbé fóònù. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lánàá. Lánàá náà, ohun tí mo rò nìyẹn." Ọjọ́ wá ń gorí ọjọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀.

Tó bá lọ bẹ Bàbá wò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń gbà. Kì í gba àárín. Bàbá ní, "Ẹnjiníà, ẹ kì í gba ọ̀nà tààrà ni?"

"Mò ń wo ògiri ni, Bàbá."

Olùkọ́ àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin kúkúrú tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ìró igi náà sì ti sú u. Ó ní òun ò kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò sì ti dé tán, gbogbo àga ibẹ̀ ló máa kún. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe olórí ẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà.

Nígbà tó dé, wọ́n ti pésẹ̀ sínú gbọ̀ngàn. Ó yan àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn ti mú, igi náà sì ń sọ̀rọ̀ lókè.

Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "A ti rán ẹnì kan wọ inú àjà. Ọgbẹ́ ẹ̀wọ̀n wà lórí igi tó tẹ̀ yìí. Ìwé tó bá a wá látòkè òkun sì ní ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà lára apá òkè ẹ̀, a ò rí ọ̀rọ̀ kankan. Igi yìí dorí kodò ni. Ta ló ṣe é?"

Bàbá Gbọọrọ ló dìde, ó bọ́ fìlà.

"Èmi ni mo ha ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, mà. Àmọ́ kò sí aburú nínú ẹ̀ o. Mo bi Ẹnjiníà, wọ́n sì ní ojú méjèèjì dọ́gba." Ó yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín bíi pé ó ń gbé oyè lé e lórí. "Ẹ bi wọ́n. Ẹnjiníà wa kì í purọ́."

Ojú gbogbo ìgbìmọ̀ yí sí Ẹnjiníà.

Ó ní òun gbọ́ nígbà tí ẹnu òun ń sọ ọ́, bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀: "Mi ò rántí pé mo sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Yéè! Mo kọ háà nígbà tó sọ ọ́ fún mi.

Bàbá Gbọọrọ wò ó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọjú sí. "Tí Ẹnjiníà bá ní àwọn ò sọ ọ́, a jẹ́ pé wọn ò sọ ọ́ ni, mà. Ọjọ́ ogbó ti dé sí mi. Ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni."

"Ó dáa," Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. Kò jọ pé ó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àárín gbọ̀ngàn ló jókòó sí, lábẹ́ igi yẹn gan-an. "Ẹnjiníà, ṣé ewu wà fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò níbí?"

"Kò séwu, mà."

"Ẹ wá jókòó tì mí níbí nígbà náà, ká parí ọ̀rọ̀."

Ẹnjiníà dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé. Ó fẹ́ rìn, ó ṣépè fún ara ẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Bàbá Gbọọrọ rò pé ìtìjú ló ń dà á láàmú, torí àkóbá tí òun ṣe fún un lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti ṣe sí i, ó tún fẹ́ gbà á sílẹ̀! Ó rìn lọ sábẹ́ igi náà, ó dúró, ó na ọwọ́ gígùn ẹ̀ sí i. "Ẹ wá, ọmọ mi. Igi wa ni. Èmi rèé lábẹ́ ẹ̀."

Igi náà ṣe kẹ́ẹ́.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀!" Ariwo tí Ẹnjiníà pa gba gbogbo gbọ̀ngàn. "Gbogbo yín, ẹ dìde, ẹ jáde! Kò lágbára! Èmi ni mo ní kí wọ́n yí i! Bàbá ò mọ nǹkan kan, mo purọ́ fún un, mo purọ́! Ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀!"

Àga ń ṣubú, àwọn èèyàn ń sáré. Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ló jáde kẹ́yìn nínú ìgbìmọ̀, ó ń fa Bàbá lọ́wọ́, torí Bàbá ò mira. Bó ṣe nawọ́ yẹn náà ló ṣì nawọ́.

Igi náà ò wó. Wọ́n fi irin gbé e ró lọ́jọ́ yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbọ̀ngàn pa, wọ́n sì lọ ṣèdánwò níbòmíì. Ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Ẹnjiníà, gíwá tó ti fẹ̀yìn tì sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ ẹ̀ ò lé e. Gbogbo ìyẹn, ó ní òun lè fara dà á.

Èyí tí kò lè fara dà ṣẹlẹ̀ níta gbọ̀ngàn, nínú oòrùn, nígbà táwọn èèyàn ṣì ń pariwo. Bàbá Gbọọrọ wá bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, eékún ẹ̀ méjèèjì gùn sókè.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ bi mí, Bàbá."

Bàbá mirí. "Ẹ sì ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó wáṣẹ́ fún mi níbẹ̀."

Kì í ṣe ìbéèrè. Ẹnjiníà ò lè gbójú sókè. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, bàbá ti lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé òótọ́ lè bá a tán, kí ara má sì tu onírọ́ síbẹ̀.

Ẹnjiníà pe Bàbá lórí fóònù, kò gbé e. Ó ń pè é lójoojúmọ́, kò gbé e. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e. Ìyàwó Bàbá ni, obìnrin tó máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí i.

"Ẹ káàsán, mà," Ẹnjiníà ní, ó ti ń sunkún. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gbóhùn wọn nìkan."

Ẹnjiníà ń gbọ́ Bàbá lẹ́yìn, tó ń sọ nǹkan jẹ́jẹ́ fún ìyàwó ẹ̀.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti dárí jì yín, látọkàn wá," ìyá náà ní. "Ó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má pe òun mọ́. Ó ní tí fóònù bá ti dún báyìí, ara òun máa ń gbọ̀n."